Bí a ṣe ń kó kẹrosíìnì, sódà àti omi gbígbóná kúrò lọ́nà ọmọ nínú ilé

Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo sì ti ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ìyá máa ń fi omijé sọ fún mi: "Nọ́ọ̀sì, mo kàn yíjú báyìí ni." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Kò sí òbí tí kì í yíjú, nítorí náà ilé gan-an ni ká tún tò.

Ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kí ẹ fi orúnkún rìn yí ilé ká. Ohun tí ojú yín bá rí níbẹ̀ ni ojú ọmọ ń rí: ike kẹrosíìnì lábẹ́ tábìlì, oògùn eku lẹ́yìn ilẹ̀kùn, korobá omi nílẹ̀ balùwẹ̀. Ẹ kó gbogbo ohun tí kò yẹ kó kan ẹnu sórí ẹní kan: kẹrosíìnì, hípò, sódà tí ẹ fi ń ṣe ọṣẹ, ọ̀tápíapía, oògùn ìfúnpá màmá àgbà, àti bátìrì pẹlẹbẹ tó rí bí owó ẹyọ. Bátìrì yẹn kéré lójú, àmọ́ tó bá há sọ́fun ọmọ, wákàtí 2 tó o láti jó ọ̀nà ọ̀fun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe wá nìyí: ohun tí a rọ ọ́ sí. Wọ́n á ra kẹrosíìnì, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò mínírà. Wọ́n á po sódà, wọ́n á rọ èyí tó ṣẹ́kù sínú ike omi. Ọmọ kò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ìgò tó fi mu ohun dídùn lánàá ló tún rí lónìí, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ẹ má sọ pé ẹ ti kọ nǹkan sára rẹ̀. Ọmọ ọdún 2 kò mọ̀wé. Ẹ má sì sọ pé ìdérí rẹ̀ le, nítorí àgbàlagbà ló máa ń gbàgbé láti dé e. Kẹ́ẹ̀gì ni kẹrosíìnì ń gbé. Èmi máa ń lo kẹ́ẹ̀gì dúdú, nítorí kò jọ ohunkóhun tí ọmọ ń mu. Tí ọlọ́jà ò bá ní ju ìgò lọ, ẹ padà lọ gbé kẹ́ẹ̀gì nílé. Ní ti sódà, ìwọ̀nba tí ẹ máa lò tán ni kí ẹ pò.

Lẹ́yìn náà, ẹ tì í. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ga tó sì ní àgádágodo ló dára jù. Bí owó kápẹ́ńtà ò bá sí, àpótí irin tí ọmọ fi lọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́sí ń ṣe é dáadáa. Gíga nìkan ò tó, torí ọmọ á fa àga.

Bí ọmọ bá ti mu ún ńkọ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Bàbá kan gbé ọmọ ọdún 2 dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ètè ọmọ náà ń dán fún epo pupa, epo ti kán sí àyà ẹ̀wù rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, òórùn kẹrosíìnì gbà mí nímú. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ ń yọ bó bá ti mí. Wọ́n ti rọ epo fún un kó lè bì, ó sì ti bì lẹ́ẹ̀mẹta. Èébì yẹn ló kó kẹrosíìnì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kẹrosíìnì tó wà níkùn kì í sábà pa ọmọ lára tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ló ń jà.

Nítorí náà, ẹ má fún un lépo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ bọ́ aṣọ tí kẹrosíìnì dà sí, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara rẹ̀, ẹ gbé e jókòó, kí ẹ sì máa lọ sílé ìwòsàn. Ẹ mú ìgò náà dání. Bó tiẹ̀ ń ṣeré, ẹ gbé e lọ, torí ikọ́ àti mímí hẹlẹhẹlẹ lè pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Èébì léèwọ̀ fún sódà náà: ó jó ọ̀fun bó ṣe ń lọ, á tún jó o bó ṣe ń bọ̀. Ẹ má fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa agbára sódà náà. Nọ́ńbà 112 wà fún pàjáwìrì. L'Ékòó, 767 náà ń ṣiṣẹ́.

Omi gbígbóná ò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ gbé sítóòfù kúrò nílẹ̀, kí ẹ kan pákó tó ga tó orúnkún àgbà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Bí omi bá jó ọmọ, omi ẹ̀rọ tútù ni kó máa ṣàn sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ wá fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ẹyin tútù, ògì, ọṣẹ ìfọyín: kò sí èyí tó ń wo ọgbẹ́ iná sàn nínú wọn. Ẹ da omi korobá nù lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ dé. Omi díẹ̀ ló ń gbé ọmọ tó ń rá. Kànga gbọ́dọ̀ ní ìdérí àti àgádágodo.

Àwọn tó ti ń bàlágà ni à ń rán níṣẹ́ tó léwu jù. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọdún 14 rọ bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tàbí kẹrosíìnì sínú sítóòfù tó ń jó. Kó pa á, kó tutù ná. Ẹ dúró tì í ní ìgbà àkọ́kọ́.

Níkẹyìn, ẹ ní kí ọmọ na ọwọ́ sókè lára ògiri, kí ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí ìka rẹ̀ dé. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń ṣe é. Bí àmì náà bá ti sún sókè, mo tún kúnlẹ̀ nìyẹn.