Mọ́tò gbóná jù? Ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ní ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi ná. Mọ́tò tí mo kọ́kọ́ ní, ọjọ́ kan ni abẹ́rẹ́ ooru lọ lẹ̀ mọ́ pupa, mo páàkì, mo bu omi tútù rọ́ ọ sínú, ó ṣe ṣìì, mo dúró díẹ̀, mo sítáàtì ẹ̀, ó jẹ́, mo bá ń bá tèmi lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ omi ti ń dín lójoojúmọ́, ilẹ̀ sì gbẹ táútáú lábẹ́ mọ́tò. Nígbà tí wọ́n máa tú u, top gasket, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó dí àlàfo orí ẹ́ńjìnnì àti ìsàlẹ̀ ẹ̀, ti jóná láàárín sìlíńdà (ihò tí epo ti ń jó) kejì àti ìkẹta, orí ẹ́ńjìnnì sì ti wọ́. Torí náà ẹni tó bá ń sọ pé ó ṣáà sítáàtì, kó má fìyẹn ṣe ẹ̀rí o.

Ẹ pa á, ẹ sì fi sílẹ̀ bíi wákàtí kan, kó tutù débi tọ́wọ́ yín á lè dúró lára ẹ̀. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná, torí omi inú ẹ̀ lè ti kọjá 100°C, pírẹ́ṣọ̀ ni ò jẹ́ kó hó, ẹ ṣí i báyìí ojú yín ló ń bọ̀. Omi tútù náà, ẹ má dà á lé irin gbígbóná, ó lè sán (ohun témi ṣe gan-an nìyẹn). Nǹkan míì tó máa ń tan èèyàn jẹ: tí omi bá ti gbẹ pátápátá, abẹ́rẹ́ lè padà wálẹ̀, torí inú omi ló yẹ kí sẹ́ńsọ̀ yẹn wà, afẹ́fẹ́ ló wá yí i ká, ẹ̀yin á rò pé ó ti ń tutù, irọ́ ni.

Tó bá ti tutù, ẹ wá ibi tómi gbà lọ. Ẹ wo họ́ọ̀sì, rédíétọ̀, abẹ́ water pump (ẹ̀rọ tó ń ti omi káàkiri ẹ́ńjìnnì), ẹ fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀ ẹni tó ń jókòó níwájú bóyá omi ti rin ín. Ibi tó ń jò máa ń fi àmì funfun tàbí àwọ̀ coolant (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) sílẹ̀ tó bá gbẹ. Tẹ́ ẹ bá rí i níta, ara tu yín díẹ̀, àmọ́ ẹ ṣì máa yẹ inú wò.

Ọ́ìlì ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ, ẹ fi aṣọ funfun nù ún, ẹ gbé aṣọ yẹn síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ọ́ìlì tó dáa, kó pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí kó dúdú, á máa dán, á sì mọ́lẹ̀ létí. Èyí tómi ti wọ̀ á dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ẹ sì lè rí ẹ̀kán omi kékeré nínú ẹ̀. Tó bá tún wá ga kọjá àmì tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n sí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ẹ má sítáàtì ẹ̀ mọ́, omi ò lè dáàbò bo bearing, irin tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ń yí lórí ẹ̀, bí ọ́ìlì. Tó bá jẹ́ abẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan lẹ ti rí ìfófòó funfun, ẹ má tíì sunkún, mọ́tò tí kì í rìn jìnnà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ tú plọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ tò wọ́n tẹ̀léra. Èyí tó bá mọ́ tónítóní bíi pé wọ́n fọ̀ ọ́, nígbà tí àwọn yòókù dúdú, ó ṣeé ṣe kómi máa wọ sìlíńdà yẹn. Kẹ́ ẹ tó dá wọn padà, ẹ fi spanner yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, kí omi tó bá wà níbẹ̀ jáde, torí piston (irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà) ò lè fún omi pọ̀, connecting rod, ọ̀pá tó gbé e, ló máa tẹ̀.

Tí ọ́ìlì bá dáa, ẹ rọ omi kún rédíétọ̀, ẹ sítáàtì ẹ̀ ní tútù, kí ìdérí rédíétọ̀ wà ní ṣíṣí. Ìfófòó díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ò burú, afẹ́fẹ́ tó há ni. Èyí tí ò dáwọ́ dúró, tó ń pọ̀ sí i tẹ́ ẹ bá tẹ accelerator, gáàsì láti inú sìlíńdà ni. Ẹ wo sàlẹ́ńsà náà: èéfín funfun tó ń rùn bíi nǹkan dídùn, tí ẹ́ńjìnnì gbóná tán tí ò sì lọ, coolant ló ń jóná. Ohun èlò kan wà tí wọ́n máa ń gbé lé ẹnu rédíétọ̀, omi àwọ̀ búlúù ló wà nínú ẹ̀, tí gáàsì ẹ́ńjìnnì tó ń lo pẹtiróòlù bá kàn án á di yẹ́lò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn compression, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ tí piston ń fún pọ̀ nínú sìlíńdà ṣe lágbára tó. Tí sìlíńdà méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ bá rẹlẹ̀, táwọn yòókù dáa, gasket tó wà láàárín wọn ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Tí sìlíńdà kan bá rẹlẹ̀, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n, tó bá gòkè, ríìngì tó yí piston ká ló ti rẹ̀.

Tó bá di pé wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ẹ ní kí wọ́n gbé rúlà irin tó tọ́ lé e, gígùn, ìbú, àti igun sí igun, kí wọ́n sì ti feeler gauge (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) sábẹ́ ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, àlàfo 0.05 mm ti fẹ́ẹ̀ pọ̀ jù, ìwé mọ́tò yín ló máa sọ tiyín. Alumíníọ̀mù ni wọ́n sábà fi ń ṣe orí ẹ́ńjìnnì, ó sì máa ń fẹ̀ ju irin lọ tó bá gbóná, ìdí nìyẹn tórí fi máa ń wọ́ kí ìsàlẹ̀ tó bàjẹ́. Mẹkáníìkì tó ní gasket nìkan lòun máa pààrọ̀, tí ò wọn orí, ẹ gba mọ́tò yín lọ́wọ́ ẹ̀, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n wo thermostat (ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún omi tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná), fáànù àti water pump, kó má lọ tún gbóná. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi máákà fàlà sára ike omi, ẹ máa wò ó láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó sítáàtì. Tómi bá ṣì wà lórí ìlà lọ́jọ́ keje, ẹ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.