Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Iná Thomas Point Mọ̀nà Lálẹ́

Ilé iná Thomas Point Shoal, tó ń tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, dúró láàárín omi Chesapeake, lẹ́nu odò South River, nítòsí Annapolis ní Maryland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lójú mọmọ, kò ṣeé ṣì mọ̀: ilé funfun onígun mẹ́fà, òrùlé pupa, ẹsẹ̀ irin. Òru ni wàhálà wà.

Ẹ kọ́kọ́ ka iná. Ìṣẹ́jú-àáyá 5 ló máa ń pé kó tó tún kọ mànà. Ẹ mú aago, ẹ pe mànà àkọ́kọ́ ní òdo, kí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ení. Tí ẹ bá ka dé ẹ̀wá, ìṣẹ́jú-àáyá 50 ló yẹ kó ti lọ. Ẹni tó bá fi ení bẹ̀rẹ̀ máa bá 45 lọ́wọ́, á sì rò pé iná mìíràn lòun rí.

Ẹ wá wo àwọ̀. Funfun ni iná náà, àmọ́ téèyàn bá wà ní apá méjì kan, pupa ló máa rí. Tí funfun bá di pupa lójú yín, ibi tó léwu lẹ ń wọ̀ yẹn. Ẹ ṣẹ́rí padà síbi tẹ́ ẹ ti rí funfun. Ààlà rẹ̀ kì í dá ṣáká, torí náà ẹ má dúró dìgbà tó bá pọ́n kankan.

Máàpù omi lè kọ ọ́ pé iná funfun náà ń dé máìlì òkun 16. Ẹ má gbára lé e nínú ọkọ̀ kékeré. Iná wà ní ẹsẹ̀ bàtà 43. Tí ojú yín bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 9 sókè omi, bí ayé ṣe tẹ̀ kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí i kọjá nǹkan bíi máìlì òkun 11.

Ẹ má sún mọ́ ìdí rẹ̀ rárá. Ọdún 1875 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n yí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ wọnú ilẹ̀ abẹ́ omi bí ẹni yí ìdè (screw). Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lágbára lábẹ́ ẹrù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí nǹkan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́dún 1877, yìnyín mì ín débi pé gíláàsì iná rẹ̀ ṣubú. Òkúta tí wọ́n kó yí i ká láti fọ́ yìnyín ló ń dáàbò bò ó, òun náà ló sì lè dá ìdí ọkọ̀ lu.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ yẹ ìwé tuntun tí U.S. Coast Guard, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, to àwọn iná ojú omi sí wò, torí wọ́n lè yí iná padà.