Bí A Ṣe Ń Yan Kóòdù fún Ìbàdí Tó Rọ́

Ẹni tó jókòó sí Ìlọrin tó ń bá ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà kọ ìwé owó ìtọ́jú kò nílò ìwé kóòdù olówó gọbọi. Ọ̀fẹ́ ni CMS, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó Medicare (ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, pàápàá fún àwọn àgbàlagbà) lọ́hùn-ún, ń gbé ICD-10-CM, ìwé kóòdù àìsàn àti ìfarapa tí wọ́n ń lò níbẹ̀, sórí ìkànnì rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni ti ọdún tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tọ́jú aláìsàn ni ẹ ó sì fi mọ èyí tí ẹ ó lò. Ẹ tẹ ìpín S33, níbi tí kóòdù ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti ìbàdí tó rọ́ wà, sórí bébà ní Tánkẹ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sí i. Bébà kì í kú bí iná bá lọ.

Ohun tí dókítà kọ ni ẹ ó tẹ̀ lé. Bí iṣan tó so eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn pọ̀ bá rọ́, S33.5 ni, bí ó bá jẹ́ oríkèé tí ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn ti pàdé eegun ìbàdí, S33.6 ni. Bí ó bá jẹ́ ẹran ẹ̀yìn ló fà jù, ẹ lọ sí S39.012. Ìrora lásán kì í ṣe ìfarapa, M54.50 ni.

Àmì 7 ni kóòdù ìfarapa wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ní. Ẹ fi XX dí àlàfo S33.5 kí lẹ́tà ìkẹyìn tó wọlé: S33.5XXA. S39.012 ti pé 6, kò nílò X kankan.

Bí lẹ́tà ìkẹyìn yìí kò bá tọ́, wọ́n lè dá ìwé owó padà. Ọ̀pọ̀ rò pé A túmọ̀ sí ìgbà àkọ́kọ́ tí aláìsàn wá, nítorí náà wọ́n á sáré kọ D nígbà kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹni tó jábọ́ lórí àkàbà bá gba ìtọ́jú pàjáwìrì lónìí, tí dókítà mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú gan-an lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, A náà ni fún àwọn méjèèjì. Ìgbà tí ìtọ́jú gan-an bá parí, tí ara ń san, tí wọ́n kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò, ni D tó kàn. Lẹ́tà ìkẹyìn S wà fún àléébù tí ìfarapa fi sílẹ̀, kóòdù àléébù náà ni yóò sì ṣáájú kóòdù ìfarapa. Bí àkọsílẹ̀ kò bá yé yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹ má ṣe méfò.

Bí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá fẹ́ mọ ohun tó fà á, ẹ fi W11.XXXA ti àkàbà kún un nísàlẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣáájú láéláé.