Ẹ fi geocaching wá ìtàn àdúgbò yín rí
Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ mọ ìtàn ibi tí ẹ ń gbé, mo dábàá geocaching fún yín. Eré yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 2000: ẹnìkan a gbé àpótí kékeré tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀ pamọ́, a sì fi ibi tó wà hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ẹlòmíràn lè fi fóònù wá a rí.

Kí ẹ tó jáde, ẹ fara balẹ̀ ka àlàyé tí ẹni tó gbé e pamọ́ kọ, nítorí inú rẹ̀ ni ìtàn sábà máa ń wà. Lójú tèmi, àlàyé mìíràn tilẹ̀ dára ju àpótí náà fúnra rẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Multi-Cache ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, torí pé yóò mú yín láti ibì kan dé òmíràn, tí ẹ ó sì máa wo ọdún tí a gbẹ́ sára òkúta ìrántí tàbí ògiri ilé àtijọ́ kí ẹ lè ṣírò ibi tó kàn. Virtual Cache kò ní àpótí rárá. Ìbéèrè nípa ohun tí ẹ bá níbẹ̀ ni ẹ ó dáhùn.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé tiyín pamọ́, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ má gbẹ́lẹ̀, ẹ má sì yọ òkúta kankan lára ògiri àtijọ́.