Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣàwàdà lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ yé fowó ṣòfò

Ó ń bí mi nínú gan-an. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣe audition, ìdánwò tí a fi ń yan òṣèré, ni àwọn ọmọbìnrin máa ń dé tí wọ́n ti ná owó tí wọn ò ní, tí wọ́n á ní àwọn fẹ́ dà bíi Fúnkẹ́ Akíndélé. Àdúrà tó dára ni. Ọ̀nà tí obìnrin yẹn gbà kọ́ lẹ ń gbà.

Èkíní, ẹ má san owó fọ́ọ̀mù fún ẹnikẹ́ni. Òṣèré là ń sanwó fún.

Èkejì, fóònù olówó ńlá ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín rí.

Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù: sísín Jenifa jẹ, ìyẹn ẹni tí Fúnkẹ́ ṣe nínú fíìmù Jenifa. Ọmọbìnrin kan wá, ó ti ra wíìgì tuntun, ó ti sanwó fún ẹni tó kùn ún lójú. Bó ṣe dúró níwájú kámẹ́rà, Gẹ̀ẹ́sì Jenifa ló bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó ṣe aláta tí oníbàárà jẹ lówó. Jenifa náà ni. Mo ní kó ṣe nọ́ọ̀sì. Jenifa! Ta ló ń wá ẹ̀dà ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́?

Suliat tó sọ ara rẹ̀ di Jenifa nínú fíìmù 2008 yẹn ò mọ̀ pé òun ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ó gbà tọkàntọkàn pé Gẹ̀ẹ́sì òun dán mọ́rán, pé òun náà ti di sisí. Ọmọ abúlé tó ń wá bí àwọn ọmọ yunifásítì yóò ṣe ka òun kún ni. Ẹ gbé ahọ́n ẹ̀, ẹ fi ọkàn ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ sì ń gbójú fo ọdún. I Need to Know, eré tẹlifíṣọ̀n tí Fúnkẹ́ ti ṣe Bisi, ọmọ iléèwé girama, bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ó parí ní 2002. Àmì ẹ̀yẹ AMAA, tí wọ́n ń fún àwọn òṣèré fíìmù ní Áfíríkà, lórí Jenifa di 2009. Lẹ́yìn ìyẹn ni Jenifa's Diary tó wá sórí tẹlifíṣọ̀n. Oṣù mẹ́fà péré, ẹ ti ń sunkún pé aráyé ò rí yín.

Ẹ má ra ọmọlẹ́yìn lórí Instagram o.

Ti kámẹ́rà tún wà ńbẹ̀. A ó ya ìran kan láti ọ̀ọ́kán, a ó tún un yà láti ẹ̀gbẹ́, a ó tún sún mọ́ ojú yín. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife nígbà àkọ́kọ́, tí ẹ fi òsì gbé e nígbà kejì, ẹni tó ń to àwòrán pọ̀ ò ní rí ibi tí yóò gé, ẹ̀rín tó dùn jù á sì ṣòfò. Ẹ dán an wò nílé: gbólóhùn kan náà, ife kan náà, ọwọ́ kan náà, lórí ọ̀rọ̀ kan náà, títí yóò fi mọ́ yín lára. Ọ̀fẹ́ ni.

Kí ẹ sì máa gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ! Púpọ̀ yín kàn ń dúró kí ọ̀rọ̀ kàn yín ni, ojú yín á ti kú. Ẹni tí ojú ẹ̀ ń yí padà bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ ni kámẹ́rà máa ń wá lọ. Ẹni tó bá lè ṣe ìyẹn, kó wá láìkun ojú, kó wọ aṣọ ilé rẹ̀. A ó gbà á.