Ọmọ kíláàsì kẹrin ló gbà wá wọ Shenandoah lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, bí ọmọ yín bá wà ní kíláàsì kẹrin, ẹ má tíì sanwó ìwọlé ọgbà ìjọba àpapọ̀ kankan. Páàsì ọ̀fẹ́ wà fún wọn, Every Kid Outdoors lorúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ló ń ṣiṣẹ́, títí di ìparí oṣù Kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó dáhùn ìbéèrè díẹ̀, ìwé kan tó ní nọ́ńbà tirẹ̀ sì jáde. Ìwé yẹn la tẹ̀ jáde. Inú fáìlì ni mo fi tiwa sí kó má bàa rún.

Ẹnubodè Front Royal la gbà wọ ọgbà Shenandoah, ní Virginia. 30 dọ́là ni wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ kan, èèyàn á sì lè fi wọlé-jáde fún ọjọ́ méje. Òṣìṣẹ́ ojú fèrèsé gba ìwé náà, ó yọjú wo ìjókòó ẹ̀yìn, ó béèrè ẹni tó ni ín. Kíá lọmọ mi ti nawọ́ sókè. Ó fún un ní káàdì, ó sì ní ká máa lọ, gbogbo wa tá a wà nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ o. Ẹ ò lè mú káàdì rẹ̀ lọ láìmú òun náà dání.

Nígbà tí páàsì ọmọ ò ní kọjá oṣù Kẹjọ, mo ra ti àgbàlagbà fún Màmá wa. Wọ́n ti lé ní ọdún 62, wọ́n sì ní green card. Méjèèjì ni wọ́n ń wò. Ti ọdún kan jẹ́ 20 dọ́là, ti títí ayé jẹ́ 80. Títí ayé ni mo rà, ẹnubodè níbẹ̀ ni mo sì ti rà á. Inú Màmá dùn débi pé àpò Bíbélì wọn ni wọ́n tọ́jú káàdì náà sí.

Àwọn àlejò wa láti ilé ló yẹ ká ṣírò tiwọn dáadáa báyìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, páàsì ọdún kan fún ẹni tí kì í gbé Amẹ́ríkà ti di 250 dọ́là, nígbà tí ti àwa tá à ń gbé ibẹ̀ ṣì wà ní 80. Bí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ò bá ní páàsì, tó sì ti pé ọdún 16, 100 dọ́là ni yóò fi lé owó ìwọlé ní ọgbà 11, títí kan Grand Canyon àti Yellowstone. Shenandoah ò sí lára wọn, ibẹ̀ ni mo sì máa mú àbúrò mi lọ tó bá dé láti Ìbàdàn.