Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Títún Ìwé àti Fíìmù Àtijọ́ Ṣe

Ìwé tó ti pẹ́ kò ní ṣàì ní ọ̀rọ̀ tó ń gún àwa tòní lára. N kò bá ẹni tó fẹ́ tún un ṣe jà. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń tún un ṣe ló ń dùn mí.

Ẹ má ṣe yí i padà lábẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ìwé ìròyìn The Telegraph tú u síta pé ilé ìtẹ̀wé Puffin ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibi nínú àwọn ìwé ọmọdé tí Roald Dahl, òǹkọ̀wé ọmọ Bìrìtìkó tó ti kú, kọ. Ọmọ tí wọ́n pè ní ọ̀sanra tẹ́lẹ̀ di "ńlá" lásán. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn máa ń yẹ èdè rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí wọ́n yọ. Kó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, Puffin ní òun yóò tẹ ìwé 17 bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wọn ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe míì ni kí a rò pé gbogbo àtúnṣe dọ́gba. Nínú *Charlie and the Chocolate Factory* tí Dahl kọ ní ọdún 1964, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ṣokoléètì náà jẹ́ ènìyàn dúdú kúkúrú láti inú igbó Áfíríkà. Inú àpótí tí wọ́n lu ihò sí ni wọ́n kó wọn wá, kóró kòkó sì ni owó iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá dàgbà sí oko kòkó kò nílò kí a túmọ̀ ìyẹn fún òun. Nígbà tí àwọn ènìyàn fárígá, Dahl fúnra rẹ̀ tún un kọ ní ọdún 1973. Òǹkọ̀wé ló fọwọ́ ara rẹ̀ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, nígbà tó ṣì wà láàyè. Mo fara mọ́ ọn pátápátá, ẹ̀dà tuntun náà ni mo sì máa rà fún ọmọdé. Síbẹ̀, ẹ̀dà 1964 gbọ́dọ̀ wà ní ilé ìkàwé. Bí ó bá pòórá, báwo ni ọmọ wa yóò ṣe mọ ojú tí wọ́n fi ń wo bàbá wọn?

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ tí kò bára mu dí àlàfo. Ní ọdún 2011, ilé ìtẹ̀wé NewSouth ní Amẹ́ríkà fi "ẹrú" rọ́pò èébú tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú nínú *Huckleberry Finn*, ìtàn tí Mark Twain kọ nípa ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Huck. Ìgbà 219 ni èébú náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrú jẹ́ ipò, a lè dá ẹrú sílẹ̀. Èébú yẹn kì í fi ẹni tó ti gba òmìnira sílẹ̀. Nínú ìwé yìí kan náà, bàbá Huck ń fi í bú ọ̀mọ̀wé kan tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni.

Ti fíìmù kò gùn. Steven Spielberg, olùdarí fíìmù, fi wọ́kì-tọ́kì rọ́pò ìbọn ọwọ́ àwọn agbófinró nínú fíìmù rẹ̀ àtijọ́, *E.T.*, ní ọdún 2002. Ní 2023 ó ní kò yẹ kí òun ṣe é. HBO Max, ilé iṣẹ́ tó ń fi fíìmù hàn lórí ayélujára, yọ *Gone with the Wind*, fíìmù àtijọ́ tó ń pọ́n ìgbà ẹrú ní Amẹ́ríkà lé, kúrò ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ó sì dá a padà ní oṣù yẹn kan náà láìgé ohunkóhun, pẹ̀lú àlàyé láti ẹnu Jacqueline Stewart, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa fíìmù. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Nílé wa ńkọ́? Láti ìgbà tí a ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní ọdún 1974 ni a ti ń sọ "aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn". Ìyẹn kò pa òǹkọ̀wé lára. Ṣùgbọ́n olóòtú tó bá gba ibẹ̀ yọ òwe tó ń bú obìnrin tàbí arọ, tó wá pe gbogbo rẹ̀ ní àtúnṣe àkọtọ́, irọ́ ló pa fún òǹkàwé. Bí ẹ bá yọ òwe, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́: òwe wo, ẹni tó yọ ọ́, ọdún wo, àti ibi tí a ti lè rí ẹ̀dà àtijọ́ kà.